Gbàù! Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Yọ Wáyà Gìtá

Mo mọ̀ pé oríkì, orúkọ àti òwe ni ọ̀pọ̀ yín ń retí láti ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ariwo ni mo gbé wá lónìí. Ariwo kan ṣoṣo ni: èyí tí sípíkà máa ń pa nígbà tí onígìtá bá fa wáyà yọ lára gìtá oníná láìfura. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde ìgbéyàwó tàbí níbi òkú àgbà tí olórin wà, mọ ohun tí mo ń wí. Orin parí, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, onígìtá ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, gbàù! Ọmọ ọwọ́ á ta gìrì, á fi igbe ta. Ìyá arúgbó á di àyà mú. Onígìtá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa ká wáyà rẹ̀ lọ bí ẹni pé ojú ọ̀run ni ariwo náà ti já bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èdè bọ̀ ọ́ ná, nítorí èdè wúlò púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá kì í pe gbogbo ariwo ní ariwo lásán. Bí a bá fa ohun tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò yọ, pọ́ ni a ó gbọ́. Bí àpò gàrí bá já láti orí ọkọ̀, gbì ni. Bí ìbọn bá dún, gbàù ni. Oyin ń kùn, agbọ́n ń kùn, òjò ń dún ṣààà lórí páànù. Ẹni tí ó bá fi irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí sípíkà ń sọ lè mọ ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ̀rọ kí ó tó fi ojú rí i. Bí sípíkà bá ń kùn hùùù láìdákẹ́, a jẹ́ pé ẹnu wáyà kan wà ní gbangba tí kò sí nínú gìtá kankan, tàbí pé ẹnìkan ń fi ìka kàn án. Bí ó bá ń ta pàràpàrà bí epo gbígbóná tí omi kán sí, wáyà ti fẹ́ já nínú, tàbí ìdọ̀tí ti wà nínú ihò tí a ń kì í bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbàù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà bọ inú nǹkan tàbí ó yọ ọ́ kúrò, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń tẹ́tí.

Ǹ bá má ka ọ̀rọ̀ yìí sí bàbàrà bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí ní ọdún 2012, níbi òkú àgbà kan ní ìlú kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn adigunjalè ti ṣọṣẹ́ ní ìlú náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ọkàn àwọn ènìyàn kò sì tíì balẹ̀. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni ó pè mí. Ẹgbẹ́ olórin ṣeré títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n wá dákẹ́ kí àlúfáà lè gbàdúrà. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta gìtá ti fẹ́ lọ mu omi, ó sì fa wáyà yọ. Sípíkà mẹ́rin ńláńlá ni ó gbé ohùn náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ẹni tí ó dúró béèrè ohun tí ó dún. Àga wó, abọ́ oúnjẹ dà nù, ènìyàn ń sá lu ènìyàn. Nígbà tí ojú wálẹ̀, ìyá àgbà kan wà nílẹ̀ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Àbúrò olóògbé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé òun kò ṣe ju pé òun yọ wáyà lọ. Òótọ́ ni ó sọ, ìyẹn gan-an ni ó sì ká mi lára jù: kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ rí pé yíyọ wáyà ní ètò.

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, mo lọ bá bàbá kan ní àdúgbò wa tí ó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú ní àwọn ọdún 1970. Bàbá Onígìtá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì ròyìn fún un. Ó mi orí.

“Níbo ni ó ti yọ ọ́?”

“Lára gìtá ni, Bàbá.”

“Áńpílífáyà ńkọ́?”

“Ó wà ní títàn, sà.”

“Ṣé wọ́n fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀?”

“Wọn ò fà á wálẹ̀ o.”

Ó pòṣé. “Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Ẹ la ẹnu wáyà sílẹ̀ nígbà tí etí ẹ̀rọ ṣì là sílẹ̀, ẹ wá ń bú iná. Ní ayé tiwa, bí wáyà rẹ bá dún lójú agbo, ọ̀gá á gé nínú owó rẹ. Kò ní bá ọ jà. Owó ni wàá kàn rí i pé kò pé.”

Ẹ má ṣe rò pé bàbá yìí ń fi ayé àtijọ́ yangàn lásán. Àwọn onígìtá jùjú ti bá áńpílífáyà gbé pẹ́. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá onígi rẹ̀ sókè, a sì ka òun sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn olórí ẹgbẹ́ jùjú. Kí ìyẹn tó dé, bí wọ́n bá gbé ìlù tó lágbára ti gìtá onígi, ohùn gìtá á rì. Nígbà tí gìtá rí ẹ̀rọ tí ó gbé e sókè, àyè gba gángan náà láti sọ̀rọ̀ bí ó ti fẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1982 tí King Sunny Adé gbé àwo *Juju Music* jáde, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Dèmọ́lá Adépọ̀jù wà níbẹ̀ tí ó ń fi irin yọ̀ lórí okùn gìtá tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Òun náà ni ó ta irú gìtá yìí nínú orin “Graceland” ti Paul Simon ní ọdún 1986. Ẹ wo iye wáyà tí yóò wà nílẹ̀ lójú agbo bẹ́ẹ̀. Bí olúkúlùkù bá ń fà á yọ bí ó ti wù ú, ta ni yóò jókòó gbọ́ orin?

Ẹ wá jẹ́ kí n tú ohun tí bàbá sọ nípa ẹnu àti etí palẹ̀, nítorí mo padà lọ wò ó fínnífínní, mo sì rí i pé àlàyé náà péye.

Gìtá oníná kò lè pariwo fúnra rẹ̀. Lábẹ́ okùn irin mẹ́fà rẹ̀ ni òòfà wà, wọ́n sì ti fi wáyà tín-ín-rín bí irun orí wé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá mì lókè òòfà, iná kíún kan á jí nínú wáyà yìí. Iná náà kéré gan-an, kò sábà ju fólítì 1 lọ, ó sì máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Áńpílífáyà ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yìí tí ó ń sọ ọ́ di igbe. Nítorí náà, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Ẹni tí ó bá sì tẹ́tí láti gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí a bá pàtẹ́wọ́ sí i létí, ẹ mọ ohun tí yóò gbọ́.

Nígbà tí wáyà bá wà nínú gìtá, ara balẹ̀. Wáyà tí ó yí òòfà ká ti so ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ariwo tí ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ kò sì rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á yọ lára gìtá, tí òdì kejì ṣì wà nínú áńpílífáyà, ṣóńṣó ẹnu náà á wà lófìfo. Ó di irú ọ̀pá irin tí a máa ń fà sókè lórí rédíò. Iná mànàmáná inú ògiri, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà, á bá ibẹ̀ wọlé. Òun ni hùùù tí à ń gbọ́. Bí ìka wa bá tún kan ṣóńṣó náà, ara ènìyàn gan-an á di ọ̀pá rédíò, ariwo á sì pọ̀ sí i.

Gbàù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú ẹnu wáyà kan dání kí ẹ wò ó. Mílímítà 6.35 ni ìbú rẹ̀, ìyẹn ìdámẹ́rin íǹṣì kan. Ṣóńṣó rẹ̀ ni ohùn ń gbà. Ìdí rẹ̀ gígùn ni ti ilẹ̀. Òrùka kékeré tí iná kò lè là kọjá ni ó pààlà sí àárín àwọn méjèèjì. (Wọn kò ṣe é fún gìtá rárá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ti wá, láti ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó síwájú pátákó oníhò, tí wọ́n ń fi irú wáyà yìí so ẹni tí ń pè mọ́ ẹni tí à ń pè.) Bí a bá ń fà á yọ kúrò nínú gìtá, ṣóńṣó rẹ̀ á yọ̀ kọjá lára irin tí ó jẹ́ ti ilẹ̀. Ó kàn án, ó fi í sílẹ̀, ó tún kàn án, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú. Àwa kò rí i, ṣùgbọ́n áńpílífáyà gbọ́ ọ, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Bí onígìtá bá tún wá ní pẹ́dàlì tí ń mú ohùn ha lábẹ́ ẹsẹ̀, tí kò sì pa á, pẹ́dàlì náà á kọ́kọ́ sọ ariwo yìí di ńlá kí ó tó fi í ṣọwọ́ sí áńpílífáyà.

Nínú ihò ọ̀pọ̀ áńpílífáyà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń ṣe bí ìlẹ̀kùn. Bí kò bá sí ohunkóhun nínú ihò náà, irin yìí á fara kan ilẹ̀, á sì di etí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí áńpílífáyà tí a kò ki nǹkan bọ̀ fi máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gìtá kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tí ó lè ti mọ́ áńpílífáyà létí, wáyà lásán kò sì ní i. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ta gìtá, a ó kọ́kọ́ ki wáyà bọ gìtá, kí a tó ki òdì kejì bọ áńpílífáyà. Bí a bá ṣetán, ti áńpílífáyà ni a ó kọ́kọ́ yọ. Ti gìtá ló máa ń gbẹ̀yìn. Kí a sì ti fa ohùn áńpílífáyà wálẹ̀ pátápátá kí a tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Áńpílífáyà àtijọ́, èyí tí ìgò kéékèèké ń pọ́n bí ẹ̀yinná nínú rẹ̀, sábà máa ń ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ STANDBY sí. Ẹ gbé e sí ibẹ̀, ohùn á dákẹ́, ìgò á sì máa gbóná lọ.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ onígìtá pé bọ́tìnnì ohùn tí ó wà lára gìtá ti tó. Kò tó. Ó ń ranni lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ ìdí áńpílífáyà ni a ti fẹ́ yọ wáyà. Ṣùgbọ́n bí ẹnu wáyà bá ti jáde kúrò nínú gìtá, kí ni bọ́tìnnì gìtá fẹ́ ṣe sí i? Ẹni tí ó ti bọ́ sóde, ìlẹ̀kùn yàrá kò lè dá a dúró.

Ìṣòro wà fún ẹni tí ń pààrọ̀ gìtá láàárín orin, nítorí kò lè máa sáré lọ sídìí áńpílífáyà ní gbogbo ìgbà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pẹ́dàlì tí a fi ń yí okùn gìtá dọ́gba ni ọ̀rẹ́ gidi. Boss TU-2, tí ó jáde ní ọdún 1998, ni mo mọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kì í jẹ́ kí ohùn kọjá lọ sínú áńpílífáyà nígbà tí ó bá ń wo okùn. Àwọn mìíràn ti ra ẹnu wáyà tí ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ilé iṣẹ́ Neutrik ní Liechtenstein ń ṣe irú rẹ̀, silentPLUG ni wọ́n ń pè é. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń so ṣóńṣó mọ́ ilẹ̀ ní kété tí ó bá ti kúrò nínú gìtá, nítorí náà ìdí gìtá ni kí ó wà, kì í ṣe ìdí áńpílífáyà. Ó wọ́n ju ẹnu wáyà lásán lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà.

Gìtá bass ni èmi fúnra mi ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ní àrùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá bass ń lo bátìrì fólítì 9. Kíki wáyà bọ̀ ọ́ ni ó ń tan bátìrì náà, yíyọ rẹ̀ ni ó ń pa á. Bí a bá fi wáyà sílẹ̀ sínú rẹ̀, bátìrì á máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀; bí a bá sì ki wáyà bọ̀ ọ́ nígbà tí ohùn ẹ̀rọ wà lókè, iná bátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á dún gbì bí ẹni gbá ilẹ̀kùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wáyà bass kì í sábà lọ sínú áńpílífáyà nìkan. Àpótí kékeré kan wà nílẹ̀ tí ń gbé ohùn náà lọ bá míkísà, míkísà sì lè máa fi iná fólítì 48 ránṣẹ́ padà sí àpótí náà. Ẹni tí ó bá fa wáyà àpótí yìí yọ láìsọ fún ẹni tí ó jókòó ti míkísà, ó ti pe ìbọn wá sínú ilé Ọlọ́run. Mo sọ ọ́ tagbáratagbára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o. Wáyà tí ó ti inú áńpílífáyà lọ sínú sípíkà lè jọ wáyà gìtá bí ìbejì. Ẹ má ṣe yọ ọ́ rárá nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, pàápàá ti áńpílífáyà onígò. Ìyẹn kò ní dún, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí a fẹ́ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ìlànà kan náà ni: ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ni kí a kọ́kọ́ pa, òun náà ni kí a tàn kẹ́yìn.

Ní ti etí ènìyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 fún àwọn ibi tí a ti ń ṣeré orin, pé kí ìpíndọ́gba ohùn má ṣe kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbàù, nítorí kíá ni ó ń wọlé tí ó sì ń jáde. Etí rí i. Lónìí tí àwọn akọrin ń ki nǹkan kékeré bọ etí láti gbọ́ ohùn ara wọn, gbàù kò tún rin ìrìn kankan kí ó tó dé ibi tí yóò ti pa ènìyàn lára. Sípíkà pẹ̀lú ń jìyà, pàápàá èyí kékeré tí ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Ó lè jóná.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti bi mí pé kí ni a ó máa pe gbogbo èyí ní Yorùbá. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní lò lójú agbo. Yorùbá ti ní *yọ*, ó sì ní *fà já*. Ẹni tí ó bá yọ nǹkan fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ṣe é, ó mọ ibi tí ó ti wà àti ibi tí ó ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá fà á já ń kánjú. Ohun tí a ń ṣe kí a tó yọ wáyà náà ni a kò tíì ní ọ̀rọ̀ fún, mo sì yá ti Bàbá Onígìtá lò: *di etí*. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí orin bá ti parí, ẹni tí ó bá fẹ́ yọ wáyà á pe ẹni tí ó jókòó ti míkísà, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa di etí bass.” Ẹ̀gbọ́n á tẹ bọ́tìnnì, á gbé àtàǹpàkò sókè, ìgbà náà ni a ó tó fọwọ́ kan wáyà.

Ó dìgbà kan ná o.